Oníṣẹ́ àti Ògbufọ̀

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbìyànjú láti jẹ́ kí ó yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé iṣẹ́ lámèyítọ́ kò mọ sórí ìtàn àròsọ, ewì àti eré-oníṣe nìkan. Ohunkóhun tí ènìyàn bá fi ọgbọ́n inú ṣe, tí ó ní ẹ̀yà, tí ẹ̀yà rẹ̀ sì so mọ́ ara wọn lọ́nà kan pàtó, a lè bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí a ti ń bi ewì: báwo ni a ṣe tò ó, ibo ni ó ti dára, ibo ni ó kù sí? Ètò kọ̀ǹpútà wà lára irú ohun bẹ́ẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín kò lókìkí láàrin àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà tàbí tí ń fi í wo fíìmù, ṣùgbọ́n àwọn tí kọ̀ǹpútà jẹ́ oko wọn mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ètò tí ń pín ojú terminal kan sí ọ̀nà púpọ̀ ni, tí kì í sì í jẹ́ kí iṣẹ́ dúró nígbà tí ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ bá ti kúrò níbẹ̀.

Terminal ni ojú tí a ń kọ àṣẹ sí. Lẹ́tà nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò sí àwòrán. A ó kọ ìlà kan, ẹ̀rọ a sì fèsì. Lórí ẹ̀rọ tí ń lo Unix, tàbí Linux tí a ṣe ní àwòṣe rẹ̀, ibẹ̀ ni ojúlówó iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Ní 2011 ni Ìjọba Àpapọ̀ dá Yunifásítì Ọ̀yẹ́-Èkìtì sílẹ̀, Ìkọ̀lé sì ni ọgbà rẹ̀ kejì wà, níbi tí a ti ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ọmọ tí ó jókòó ní Ìkọ̀lé lè máa pàṣẹ fún ẹ̀rọ ńlá kan tí ó wà ní Èkó tàbí ní Jámánì, iṣẹ́ tí ó sì gbé fún ẹ̀rọ náà lè gba wákàtí mẹ́fà. Ta ni kò mọ bí iná àti nẹ́tíwọ̀kì ti rí láti Ìdó dé Ọ̀yẹ́ dé Ìkọ̀lé? Bí okùn bá já lójijì, Unix a fi àmì kan ránṣẹ́ sí iṣẹ́ náà. SIGHUP ni orúkọ àmì yìí. Láti ìgbà tí a ń fi wáyà tẹlifóònù bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ẹni tí ó wà lódìkejì ti gbé fóònù kalẹ̀. Iṣẹ́ tí ó bá gba irú àmì bẹ́ẹ̀ a máa kú, bí a kò bá ti kọ́ ọ tẹ́lẹ̀ pé kó má kú. Fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ, ètò tí mò ń sọ yìí jẹ́ ìrọ̀rùn lásán. Lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa, òun ni ó ń ya iṣẹ́ tí ó parí sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ tí a ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni àwọn tí ń ṣe irú ètò yìí ń gbà ṣe é. Àwọn kan ń gbẹ́ gbogbo rẹ̀ láti ara igi kan ṣoṣo. GNU Screen, tí Oliver Laumann àti Carsten Bormann ṣe ní Jámánì ní 1987, ni àgbà nínú wọn. Èyí tí ó gbajúmọ̀ lónìí ni tmux, tí Nicholas Marriott bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tí ó sì di ara OpenBSD ní 2009. Nínú tmux, ètò kan náà ni ó ń pín ojú, òun ni ó ń ṣọ́ iṣẹ́ nígbà tí okùn bá já, òun ni ó ń rántí ohun tí ó ti kọjá lójú, òun náà ni ó ń ṣe àdàkọ. Àwọn kejì sọ pé ètò kan kò gbọdọ̀ ṣe ju iṣẹ́ kan lọ. Ned Crigler ṣe dtach, tí kò mọ̀ ju pé kí ó tú iṣẹ́ kúrò lára terminal, kí ó sì tún so ó mọ́ ọn nígbà tí a bá padà dé. Marc André Tanner ṣe dvtm tí ń pín ojú, ó sì ṣe abduco tí ń ṣọ́ iṣẹ́. Ó ní kí a so méjèèjì pọ̀, pé wọn yóò rọ́pò tmux àti Screen, wọn yóò sì rọrùn jù wọ́n lọ. Ìsopọ̀ ti Tanner yìí ni mo fẹ́ dá lẹ́jọ́.

Kí a má kàn rò pé ohun tí a gbẹ́ láti ara igi kan ti kùnà nìyẹn. Àwa tí a mọ ìhà àríwá Èkìtì kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ère Ẹpa. Ìkòkò tí ń bo orí ẹni tí ó gbé e, ẹlẹ́ṣin tàbí ìyá ọlọ́mọ tí ó wà lókè rẹ̀, àti àwọn ènìyàn kéékèèké tí wọ́n yí ọ̀gá wọn ká, igi kan náà ni gbogbo wọn. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì gan-an ni àwọn àlùfáà Kátólíìkì méjì, Kevin Carroll àti Sean O'Mahony, ti dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní 1947, èyí tí ó wà títí di 1954. Bándélé, ọmọ Aréògún ti Ọ̀sì-Ìlọrin, gbẹ́gi níbẹ̀, lọ́wọ́ rẹ̀ sì ni Làmídì Fákẹ́yẹ ti kọ́ṣẹ́. Àwọn ahunṣọ àti àwọn tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣọ̀ṣọ́ wà níbi iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn agbẹ́gilére. Ó yẹ kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí odidi àti ìsopọ̀ rántí ibẹ̀. Agbára ère Ẹpa wà nínú pé kò ní oríkèé. Ó wúwo gan-an, síbẹ̀ ẹni tí ó gbé e lè fò sórí òkìtì láìbẹ̀rù pé apá kan yóò já. Ahunṣọ ní tirẹ̀, oríkèé ni ó fi ń jẹun. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a ń hun aṣọ òfì kí a tó rán an pọ̀, bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá sì gbó, a lè tú u kí a fi òmíràn sí i. Kíjìpá tí àwọn ìyá wa ní Èkìtì ń hun lórí òfì ìdúró fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ abẹ́rẹ́ náà ni ó ń kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí lámèyítọ́ ní láti wò lára iṣẹ́ tí a so pọ̀ ni ibi tí oríkèé wà, àti ohun tí ń gba ibẹ̀ kọjá.

Nínú Unix, ọ̀rọ̀ oríkèé bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ páìpù. Ní 1964, Doug McIlroy tí ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà kọ àkọsílẹ̀ kékeré kan pé ó yẹ kí a lè so àwọn ètò mọ́ ara wọn bí a ti ń so rọ́bà tí a fi ń bomi rin ọgbà. Unix kò tíì sí nígbà náà. 1969 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní 1973 ni Ken Thompson fi páìpù sínú rẹ̀, òru ọjọ́ kan ni ó sì fi ṣe é. Láti ìgbà náà ni ohun tí ètò kan bá sọ ti lè di ohun tí òmíràn yóò gbọ́. Òfin tí McIlroy àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá fà yọ nínú rẹ̀ kò ju pé kí ètò kọ̀ọ̀kan ṣe ohun kan, kí ó ṣe é dáadáa, kí ó sì máa retí pé ètò mìíràn tí a kò tilẹ̀ tíì mọ̀ yóò lo ohun tí ó bá sọ. Apá tí ó kẹ́yìn yìí wù mí gan-an. Ẹni tí ó ṣe ètò gbà pé òun kò mọ gbogbo ẹni tí yóò lò ó.

Ṣùgbọ́n páìpù nìkan kò tó fún iṣẹ́ tí a ń sọ, àwọn tí ń fi ìtara wàásù ètò kékeré kì í sì í fẹ́ sọ èyí síta. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi ń gbà nínú páìpù. Yàtọ̀ sí èyí, ètò mọ̀ bóyá ènìyàn ni ó wà lódìkejì tàbí páìpù, ó sì ń yí ìṣe padà. Bí a bá ní kí `ls` to orúkọ fáìlì fún wa lórí terminal, yóò tò wọ́n ní òpó òpó. Bí a bá so ó mọ́ páìpù, ìlà kan fún orúkọ kan ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dúró láàrin ènìyàn àti iṣẹ́ rẹ̀ ní láti fi ara rẹ̀ hàn bíi terminal gidi fún ẹni tí ó wà nínú, kí ó sì máa gba ọ̀rọ̀ wọlé, kí ó máa gbà á jáde. Unix ní ohun èlò fún un: terminal àfarawé tí ó ní etí méjì. Nítorí náà, abduco àti dvtm kò tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí àwọn ètò orí páìpù ti ń tò. Ọ̀kan wà nínú ìkejì bí igbá ti í wà nínú igbá: terminal wà lóde, abduco tẹ̀ lé e, dvtm wà nínú abduco, shell tí ń gba àṣẹ sì wà nínú dvtm.

Wàyí o, iṣẹ́ wo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe níbi tí ó dúró sí?

Oníṣẹ́ ni abduco. Ẹ jẹ́ kí a rántí àrokò. Bí a bá di owó ẹyọ méjì tí wọ́n kọjú sí ara wọn ránṣẹ́, ẹni tí ó gbé e lọ kò ní láti mọ̀ bóyá ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń bá ara wọn ṣe tàbí ọ̀tá. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ẹrù dé bí a ti dì í. Bẹ́ẹ̀ ni abduco ń ṣe. Báìtì ń wọlé, báìtì ń jáde, kò sì tú ọ̀kankan wò. Bí okùn láti Ìkọ̀lé bá já, òun ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ọ̀hún, ó di etí terminal àfarawé náà mú, iṣẹ́ inú kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lọ. Nígbà tí iná bá padà dé, ọmọ wa a pè é ní orúkọ tí ó sọ ọ́, a sì bá iṣẹ́ rẹ̀ níbi tí ó dé. Àwọn Yorùbá máa ń ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, kí á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ìmọ̀ràn rere ni láàrin ènìyàn, ṣùgbọ́n ìparun ni yóò jẹ́ fún irú oníṣẹ́ yìí. Níṣẹ́ ẹrú ni kí ó jẹ́ iṣẹ́ ẹrú.

Ìtìjú àìtúwò yìí ní iye tí a ń san lé e. Nítorí pé abduco kò mọ ohun tí ó ń gbé, kò lè rántí rẹ̀. Bí a bá fi òun nìkan ṣọ́ shell lásán, tí a sì padà dé, ojú òfìfo ni a ó bá, àfi bí ètò tí ó wà nínú bá tún ara rẹ̀ yà. Ẹni tí ó ti rí i bí tmux ti í dá gbogbo ojú padà pátá yóò kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́. Oníṣẹ́ ni a bi ní ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ògbufọ̀.

Ògbufọ̀ náà ni dvtm. Ẹni tí ó bá fẹ́ pín ojú kan sí mẹ́rin ní láti mọ ohun tí ó wà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ibi tí kọ́sọ̀ dúró sí, àwọ̀ tí lẹ́tà ní, àti iye àyè tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan gbà. Ó ní láti gbọ́ èdè terminal ní àgbọ́yé, kí ó sì tún un sọ fún terminal tí ó wà lóde. Ní tòótọ́, iṣẹ́ méjì ni ó wà lọ́rùn dvtm. Ó ń túmọ̀, ó sì ń pín yàrá. Mo ka èyí sí àléébù lójú òfin tí òun fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Àmọ́ níbi tí ó ti lè gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ó gbé e. Bí a bá fẹ́ padà wo ohun tí ó ti kọjá lójú kí a sì da díẹ̀ kọ nínú rẹ̀, dvtm kò ní ohun èlò tirẹ̀ fún un. Ńṣe ni ó ń da gbogbo ohun tí ó rántí sínú ètò ìkọ̀wé tí a bá ti yàn fún ara wa. Ibẹ̀ ni páìpù ti wúlò, ibẹ̀ sì ni mo ti rí ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ògbufọ̀ ni ó kan èmi olùkọ́ èdè Yorùbá jù. Terminal dà bí ọpọ́n ayò. Ihò ihò ni a pín in sí, lẹ́tà kan sì ní ihò kan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì wọ inú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ti í wọ bàtà. Tiwa ńkọ́? Ní 1992, Ken Thompson kan náà tí ó ṣe páìpù bá Rob Pike jókòó nílé oúnjẹ kan ní New Jersey, wọ́n sì ya UTF-8, ọ̀nà tí a fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè ayé ní báìtì, sórí bébà tí a tẹ́ sábẹ́ àwo. Lójú tèmi, iṣẹ́ méjèèjì bá ara wọn mu. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ètò sójú ọ̀nà kan náà ni ó tún wá jẹ́ kí èdè gbogbo lè gba ọ̀nà náà. Nínú ètò lẹ́tà tí UTF-8 ń gbé, ẹ àti ọ ní ààyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ tí ó ní ohùn òkè, tàbí ọ tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀, kò ní. Lẹ́tà a kọ́kọ́ wọlé, àmì ohùn a sì tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí nǹkan ọ̀tọ̀. Báìtì méje ni ọkọ tí ìyàwó ń pè, lẹ́tà mẹ́ta. Báìtì mẹ́sàn-án ni ọkọ́ tí a fi ń roko. Kọ̀ǹpútà ka lẹ́tà mẹ́rin níbẹ̀, ojú wa sì rí mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ tí a fi ń jagun jẹ́ mọ́kànlá.

Abduco kò ní ìṣòro pẹ̀lú èyí. Báìtì mọ́kànlá wọlé, mọ́kànlá jáde, ọ̀kọ̀ ṣì jẹ́ ọ̀kọ̀. Lọ́dọ̀ ògbufọ̀ ni ewu wà, ìyẹn ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀, ì báà jẹ́ dvtm, tmux tàbí terminal òde fúnra rẹ̀. Ó ní láti mọ̀ pé àmì ohùn kò ní ihò tirẹ̀, pé inú ihò lẹ́tà tí ó ṣáájú rẹ̀ ni kí ó ti bá a gbé. Bí ẹni tí ó kọ ètò bá pèsè àyè fún ọmọ ayò kan ṣoṣo nínú ihò, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀: ohùn yóò sọnù, tàbí kí ó lọ gba ihò kejì, kí gbogbo ìlà sì ṣẹ́ pọ́. Ẹni tí ó bá ń ka ọkọ́ ní ọkọ lórí terminal rẹ̀ lójoojúmọ́ kò ní pẹ́ kí ó tó dẹ́kun fífi àmì sí i. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ti ṣe irú rẹ̀ fún wa rí. Báírò ni a fi ń fi àmì sí i lẹ́yìn tí a bá tẹ̀ ẹ́ tán, títí ó fi sú ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Kí a má sì ṣe rò pé kékeré ètò ni ó ń mú kí ètò gbọ́ èdè wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni `tr` ti GNU, ètò kékeré tí a fi ń pààrọ̀ lẹ́tà, kò mọ̀ ju báìtì lọ. Bí a bá ní kí ó fi o rọ́pò ọ nínú ọkọ, oookooo ni yóò kọ fún wa. Àwàdà ni létí, ṣùgbọ́n kò ṣe é rẹ́rìn-ín bí ó bá wà láàrin páìpù tí ètò mẹ́fà tò sí, tí ẹni tí ó wà ní ìparí kò sì rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin. Bẹ́ẹ̀ náà ni `grep` tí a fi ń wá ọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí a lè gbà to Ọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ẹnìkan lè fi àmì ohùn lé Ọ, ẹlòmíràn lè fi àmì abẹ́ sí Ò. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, grep sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì tí kò bára tan. Ẹni tí ó bá wá Ọ̀yẹ́ nínú fáìlì tí akọ̀wé méjì jọ kọ lè rí ìdajì kí ó sì rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ọ̀nà kékeré ti wá gba oríyìn mi nìyí. Kò di dandan kí n kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tí wọ́n ni grep. Ètò kan wà tí ń jẹ́ `uconv`, tí ń da oríṣiríṣi ìtò lẹ́tà padà sí ìtò kan ṣoṣo. Bí mo bá fi í ṣáájú grep nínú páìpù, ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹni tí ó ṣe grep kò mọ̀ nípa Yorùbá, kò sì ní láti mọ̀. Ó fi oríkèé sílẹ̀, a sì rí ibi tí a fi tiwa sí.

Nínú ìsopọ̀ ti Tanner, oríkèé kò ṣí sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. A kò lè ki ètò mìíràn bọ àárín ògbufọ̀ àti ohun tí ó ń túmọ̀. Bí ó bá ṣì ọ̀rọ̀ gbọ́, inú rẹ̀ ni a ní láti ṣí. Òfin kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, nítorí pé ìwé àṣẹ abduco, dvtm, tmux àti Screen ló fún ẹni tí ó bá fẹ́ láyè láti ṣí wọn kí ó sì tún wọn ṣe. Ohun tí ó yàtọ̀ ni iye ojú ewé tí ènìyàn ní láti kà kí ó tó dé ibi tí àléébù wà. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó mọ èdè C lè ka dvtm láti òkè délẹ̀ kí ìsinmi tó parí. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún tmux.

Èmi kò ní tìtorí èyí sọ pé kí a ju tmux nù. Nítorí pé ètò kan ni ó di gbogbo iṣẹ́ mú níbẹ̀, a lè gbé fèrèsé kan láti yàrá kan lọ sí òmíràn, ènìyàn méjì sì lè jọ wo iṣẹ́ kan náà ní ìrọ̀rùn. Dvtm méjì tí wọ́n wà nínú abduco méjì kò lè fún ara wọn ní nǹkan kan. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, bí ètò àárín ti tmux bá kú, gbogbo iṣẹ́ tí ó dì mú ni yóò bá a lọ, nígbà tí abduco kọ̀ọ̀kan ń dá kú ikú tirẹ̀. Ó tún yẹ kí a sọ pé ọwọ́ púpọ̀ ni ó ń tọ́jú tmux, ìtẹ̀jáde rẹ̀ sì ń jáde lemọ́lemọ́. Ní 2016 ni ìtẹ̀jáde dvtm tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jáde. Iṣẹ́ kékeré tí ẹnìkan dá ṣe máa ń dúró de ẹlòmíràn tí yóò gbé e. Bándélé rí Fákẹ́yẹ.

Bí mo bá ní kí n yan èyí tí a ó fi kọ́ ọmọ, ìsopọ̀ náà ni n ó yàn, nítorí pé a lè tú u ní ìpele ìpele. Kí wọ́n kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sórí terminal lásán, kí wọ́n wò ó. Kí wọ́n tún un kọ nínú abduco nìkan. Kí wọ́n fi dvtm sí i, kí wọ́n pín ojú sí méjì, kí wọ́n sì wò ó bóyá ohùn ṣì wà lórí lẹ́tà rẹ̀, bóyá ìlà ṣì gún. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sínú tmux. Ibi tí ohùn bá ti kọ́kọ́ sọnù ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé.